Oyin Inú Àpáta: Ìwé Àṣẹ Dókítà àti Aláìsàn Tí Kò Lówó Lọ́wọ́

         

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé wa ní Àpáta, n'Íbàdàn, wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò pe dókítà. Ó ní àwọn pè é, kò ráyè. Ẹ̀rín pa mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ tí mo sì sọ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, dókítà ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo tún wá sọ lónìí, àfi pé mo fẹ́ kí a jọ wádìí ohun tó lè mú dókítà náà bọ̀ lóòótọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí a ṣe lè fi ìwé àṣẹ ìṣègùn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láísẹ́ǹsì, ṣe kóríyá fún àwọn dókítà kí wọ́n lè máa tọ́jú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà. Ní tèmi, mo fẹ́ kí a wo ẹnu àáké náà dáadáa lónìí, nítorí a ti gbé èyí tí kò dára rí, ọwọ́ ara wa ló sì fẹ́ẹ̀ gé.

Ìyá alákàrà

Kí n tó fẹ̀yìntì, ìyá kan ń dín àkàrà láàárọ̀ ládùúgbò mi. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, agboòrùn tó ta sórí àdògán ṣubú lu agbada, epo gbígbóná sì dà sí i láti èjìká dé ìgbúnwọ́. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ máruwá, ó di ilé ìwòsàn aládàáni tó sún mọ́ wa jù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà kò wo apá ìyá náà, ojú wa ló ń wò. Ó ní ká ra káàdì, ká sì san dìpọ́síìtì ₦30,000. Owó tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa kò pé ₦9,000, owó ẹ̀wà tí ìyá náà jẹ ẹlẹ́wà sì wà nínú rẹ̀.

Mo wá sọ òfin fún un. Mo ní òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní 2014, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀ fún ìdí yòówù kó jẹ́, àti pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó wò mí bí a ṣe ń wo oníwàásù inú bọ́ọ̀sì.

Dókítà jáde síta nígbà tó gbọ́ ariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn mọ́jú. Ó mú ìyá náà wọlé, ó fọ egbò, ó fi oògùn sí i, ó dì í, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí a ń jáde lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn o, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ẹni kẹta tí mo ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí rèé. Ọ̀gá ti sọ fún mi pé owó tí mo bá dárí jì, inú owó oṣù mi ni yóò ti yọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Òfin wà fún ẹni tó bá kọ aláìsàn sílẹ̀, n kò sì tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n mú lórí rẹ̀ ládùúgbò wa. Ẹni tó ṣe rere gan-an ló wá san ìtanràn. Mi ò sì lè bú ọ̀gá rẹ̀ tán, nítorí ilé ìwòsàn náà ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, ó ń ra oògùn, ó ń san owó òṣìṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń fún un ní nǹkan kan padà lórí ìyá alákàrà.

Ta ló kọ́ dókítà níṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè kan tí a kì í sábà béèrè. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1948, UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà, ò tíì sí. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò fún ìkọ́ni nípa ìṣègùn, títí UCH fi ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kọkànlá 1957. Àwọn wo ló wà lórí ibùsùn Adéọ̀yọ́? Ṣé àwọn lọ́yà àti ọ̀gá báńkì ni? Àgbẹ̀ ni wọ́n, alágbàṣe, alágbo, ìyá tó rọbí láti òru àná. Ara wọn ni ọmọ ilé-ìwé fi mọ bí ọkàn ṣe ń lù, ikùn wọn ló fi mọ ibi tí ẹ̀dọ̀ wà. Nígbà tí yunifásítì tún bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá ní 1963, ó kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ sí Igbó-Ọrà kí wọ́n lè mọ àìsàn àgbẹ̀ nílé àgbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ Igbó-Ọrà mọ̀ pé ìbejì nìkan á ti tó iṣẹ́ fún wọn.) Ìran dókítà mélòó ló ti gba ibẹ̀ kọjá!

Ọmọ Government College wà láàárín wa níbí, mo rí yín. Ilé-ẹ̀kọ́ yín tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, tó wà lọ́dọ̀ wa ní Àpáta yìí, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkúgbé lọ kí ó tó di àgbà nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ ńlá ni, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lápá ta ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ìmọ̀ náà tó dàgbà n'Íbàdàn? Lápá bàbá àti ìyá tiwa ni.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ ni pé gbèsè wà nínú ìwé àṣẹ dókítà. A kì í rí i kà nínú rẹ̀, àmọ́ òógùn tálákà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé kí dókítà tọ́jú aláìní, kì í ṣe sàráà la ń tọrọ. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè kì í bára mu. Ẹlòmíràn á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láti ìdájí. Ẹlòmíràn á fún un ní iṣẹ́ ṣe, á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Okùn tí kò so

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí mọ ọ̀nà tó gbà. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Lẹ́yìn náà ni MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti oníṣègùn eyín ní Nàìjíríà, á fún un ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀, tí yóò fi ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní háósì jọ́ọ̀bù. Bí ó bá parí rẹ̀ ni ìwé àṣẹ kíkún á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Á sì lọ sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, ètò tó ti wà láti 1973. Lẹ́yìn èyí, ó kù sí òun, pápá ọkọ̀ òfuurufú àti Ọlọ́run rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújà ka àbádòfin kan nígbà kejì. Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson tó ń ṣojú Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kejì nígbà náà ló gbé e wá. Ohun tó sọ ni pé dókítà tó bá kàwé ní Nàìjíríà kò ní gba ìwé àṣẹ kíkún àfi bó bá ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún. Àwọn dókítà gbaná jẹ. Nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀ nílé ìwòsàn, fi máa bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ márùn-ún ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, àbádòfin yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó oṣù. Kò di òfin.

Kí n sọ òótọ́ inú mi: nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi. Mo ti ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé dókítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa, tí mo mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Ní 2025, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé iye tí a ń ná láti kọ́ ẹyọ ẹnì kan lé ní dọ́là 21,000, àti pé nínú èèyàn 10,000, dókítà tí a ní kò tó mẹ́rin. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Àwa ò tiẹ̀ tà á, a kàn fi ta ìlú òyìnbó lọ́rẹ ni.

Àmọ́ nígbà tí inú mi rọ̀, mo tún àbádòfin náà rò, mo sì rí ihò tó wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ so dókítà mọ́ Nàìjíríà, kò so ó mọ́ tálákà. Dókítà tó bá fi ọdún márùn-ún yẹn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọlọ́lá ní Ìkòyí ti pa òfin mọ́ pátápátá, Omi-Àdìó wa níbí ò sì rí i. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló sì fẹ́ di ẹrù náà lé lórí, wọn ò fi nǹkan kan sọ́wọ́ wọn. Ìdè tí kò sí oúnjẹ nídìí rẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá á já a.

Gúúsù Áfíríkà gbé tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1998 ni dókítà tuntun níbẹ̀ ti ń sin àwùjọ fún ọdún kan kó tó lè dá ṣiṣẹ́. Ọdún kan péré, pẹ̀lú owó oṣù, níbi tí ìjọba bá rán an lọ. Wọ́n ń ráhùn nípa rẹ̀ o, ta ni kì í ráhùn? Ṣùgbọ́n ó lójú, ó sì ní òpin.

Àwọn ọmọ wa ń tọ́jú tálákà: tálákà ta ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ní Amẹ́ríkà, dókítà àjèjì tó bá lọ gba ìmọ̀ kún ìmọ̀ lórí físà tí wọ́n ń pè ní J-1 gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì bó bá parí. Òfin ni. Ṣùgbọ́n ní 1994, sẹ́nétọ̀ kan láti North Dakota, Kent Conrad, rí i pé àwọn ìlú kéékèèké lọ́dọ̀ wọn kò ní dókítà. Wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ orúkọ rẹ̀: ìpínlẹ̀ lè bá dókítà bẹ́ẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kó má padà sílé mọ́, bó bá gbà láti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta níbi tí dókítà ti wọ́n. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ààyè fún ọgbọ̀n èèyàn lọ́dún. Kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni ní ẹgba. Ìwé ni wọ́n fi sọ́wọ́ kan, wọ́n fi iṣẹ́ sọ́wọ́ kejì, wọ́n ní kí ó mú.

Ẹ sì rò ó wò. Ọmọ tí Adéọ̀yọ́ àti Igbó-Ọrà kọ́ níṣẹ́ lè wà nínú yìnyín North Dakota, kó máa tọ́jú àgbẹ̀ tálákà ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a sọ pé kò fẹ́ràn tálákà rèé o! Kò kórìíra tálákà. Ẹni tó mọ bí a ti ń pè é ló ń jẹ́.

Amẹ́ríkà kan náà tún ní ètò tó kéré ju èyí lọ, tí mo sì rò pé ó bá wa mu jù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, àwọn dókítà, bíi tiwa, gbọ́dọ̀ máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àtìgbàdégbà kí wọ́n tó lè sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, Florida jẹ́ ọ̀kan, wákàtí tí dókítà bá fi tọ́jú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ lè dípò díẹ̀ nínú wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

MDCN ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun lọ́dọọdún. Dókítà á san owó, á sì fi hàn pé òun ti gba máàkì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ. Púpọ̀ nínú máàkì yìí, inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń gbà á, pẹ̀lú ìrẹsì àti ṣapamánù. Mi ò sọ pé kò wúlò. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Àpáta, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó rí, ní máàkì tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n sì dín owó ìwé àṣẹ kù fún ẹni tó bá ṣe é yípo ọdún. Àwọn dókítà tó ti fẹ̀yìntì ńkọ́? N'Íbàdàn yìí, ní Bódìjà àti Olúyọ̀lé, àgbà dókítà wà tó ń bomi rin òdòdó láàárọ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ pé aláìní nìkan ni wọ́n á fi tọ́jú, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe yára wá kóòtù funfun wọn jáde.

Ẹnì kan á ní Abújà ni MDCN wà, kí ni Àpáta lè ṣe sí i? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé àṣẹ dókítà wà lọ́wọ́ Abújà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ilé ìwòsàn aládàáni, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà, ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Kí ló dé tí ilé ìwòsàn tó ń gba aláìní kò fi ní san owó tó kéré ju ti èyí tí kì í gbà wọ́n? Ìyẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni wọkọ̀ lọ sí Abújà.

Kóríyá nìkan kò sì tó, àfi kí owó tẹ̀ lé e. Òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn, ó sì dá owó àkànlò sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Owó ìpìlẹ̀ ìlera tún wà láti inú òfin 2014, tó yẹ kí ó jẹ́ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Nílé wa níbí, àjọ OYSHIA ló ń bójú tó ètò adójútòfò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á ka orí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn kan, wọ́n á sì máa san iye kan lé orí kọ̀ọ̀kan, yálà ó ṣàìsàn ni o tàbí kò ṣe. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ṣì rántí Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe owó orí tiyín yẹn o! Èyí, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń san án fún, nítorí yín. Ká ní ìyá alákàrà wà nínú ètò yìí lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà yẹn kò ní bẹ̀rù owó oṣù rẹ̀. Ìyá náà kò forúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ní Nàìjíríà ni ibí, wọ́n á máa kọ orúkọ aláìsàn tí kò sí, wọ́n á gba máàkì òfìfo. Òótọ́ ni, wọ́n á gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn àdúgbò, Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ onílé, wà lára àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé náà. Ta ló lè purọ́ fún Ìyálọ́jà Àpáta pé òun tọ́jú alátà tí kò sí lọ́jà? Ohun tí èmi ń bẹ̀rù ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n sọ tálákà di pátákó ìkọ̀wé, kí ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ máa wá fi ara wa dánra wò nítorí máàkì. Lórí ìyẹn, mi ò ní gbà rárá: ọjọ́ tí dókítà bá wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ó jẹ́ ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Kí iná sì wà, kí omi wà, nítorí mo ti rí dókítà tó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rán egbò.

Àkókò mi ti lọ, alága ti wo aago lẹ́ẹ̀mejì.

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tó ka ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, tí wọ́n ní kí n yọ ìbínú inú rẹ̀ kúrò. Mo yọ díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá alákàrà, tó gbà kí n sọ ìtàn rẹ̀ bí mi ò bá ti dárúkọ. Ó wà láàárín yín. 

Lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù níta, nọ́ọ̀sì méjì àti dókítà ọ̀dọ́ kan ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ títí di aago mẹ́rin. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sídìí ìrẹsì.